Kí ni owó tí à ń san fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń ṣe ìkànnì ayélujára ń rà fún oníṣòwò kékeré?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Òde-Òní:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe, èmi àti àwọn ọmọọṣẹ́ mi. Títí di ìsinsìnyí, ojú ewé Facebook àti WhatsApp ni àwọn oníbàárà fi ń rí iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ní ìkànnì tèmi. Ènìyàn méjì ló ti fún mi ní ìdíyelé. Ti ẹnì kejì fi ìlọ́po mẹ́fà ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ní ojú ewé márùn-ún ni àwọn yóò ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tún ní kí n má wulẹ̀ san kọ́bọ̀, pé òun lè fi àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe é kí ilẹ̀ tó mọ́. N kò háwọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tí owó ńlá yẹn ń rà tí owó pọ́ọ́kú kò lè rà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ là mí lọ́yẹ̀.

Ayàwòrán Ìkànnì:
Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà. Kí n tó sọ ohunkóhun, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, nítorí náà kí ẹ yẹ ọ̀rọ̀ mi wò dáadáa kí ẹ tó gbà á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹwà ni à ń tà. Ẹwà wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nínú ìwádìí kan tí Gitte Lindgaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Kánádà, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006, wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá fi ojú kan ojú ewé fún ìdá 50 péré nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti mọ̀ bóyá ó wu òun tàbí kò wu òun. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford bi àwọn ènìyàn tó lé ní 2,600 léèrè ohun tó ń mú wọn gba ìkànnì kan gbọ́ tàbí tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́, ó sì súnmọ́ ìdajì nínú àwọn èsì náà tó mẹ́nu ba ìrísí ìkànnì. Ẹni tó mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ lè fojú fo ìkànnì jákujàku, nítorí ó ti jókòó lórí àga tí ẹ ṣe; àlejò tí kò mọ̀ yín rí kò ní ohun mìíràn tí yóò fi díwọ̀n yín.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó ń lọ jù lọ kò hàn sójú. Kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó mú àwọ̀ kankan, ìbéèrè ló máa ń kọ́kọ́ kó wá. Ta ló ń ra ọjà yín, ṣé onílé ni àbí ilé-iṣẹ́? Ṣé wọ́n ń ra ohun tó ti wà nílẹ̀ ni, àbí wọ́n ń mú ìwọ̀n wá kí ẹ bá wọn ṣe é? Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè tí wọ́n bá pè yín? Bí ó bá jẹ́ pé iye ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ yóò gbà, irú igi tí ẹ ń lò, àti bóyá ẹ máa ń gbé e délé ni wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀, a jẹ́ pé ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló yẹ kó wà lókè pátápátá, kí ìtàn bí ẹ ṣe dá ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀ sì lọ dúró sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń fi owó pọ́ọ́kú ṣe é kò ní àyè láti béèrè gbogbo èyí; yóò kàn ní kí ẹ fi àmì ilé-iṣẹ́ yín àti àwòrán mélòó kan ránṣẹ́ ni.

Ẹ wá wo ti àwòrán. Fóònù òde òní sábà máa ń ya àwòrán tó wúwo tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá kó ogún irú rẹ̀ sí ojú ewé kan bó ṣe rí, ẹni tó bá ṣí i lórí fóònù yóò máa wo bí àga ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ àga kò ní tíì yọ tí onítọ̀hún yóò fi bá tirẹ̀ lọ. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yóò dín àwòrán kan náà kù sí ìwọ̀n tí ojú fóònù lè gbà, yóò yí i sí irú fáìlì tó fúyẹ́ bíi WebP, tí Google gbé jáde ní ọdún 2010, yóò sì jẹ́ kí àwọn àwòrán ìsàlẹ̀ dúró títí òǹwòran yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Òṣùwọ̀n tí Google là sílẹ̀ ni pé kí ohun tó tóbi jù lójú ewé ti yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5, kí ojú ewé sì dáhùn láàárín ìdá 200 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan bí a bá tẹ nǹkan lórí rẹ̀. Ó tún ní kí ohun tó wà lójú ewé má máa fò kiri, ẹ ó sì ti rí irú rẹ̀ rí: ìka yín ti ń lọ sórí bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́ fi pe oníṣòwò, àwòrán kan já lulẹ̀ láti òkè, ó ti bọ́tìnnì náà sísàlẹ̀, ẹ sì rí i pé ohun tí ẹ kò fẹ́ ni ẹ tẹ̀.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2015 ni Google ti ń fi bí ojú ewé ṣe rí lórí fóònù kún ohun tó fi ń to èsì ìwákiri lórí fóònù. Ọgbọ́n tí a fi ń jẹ́ kí ojú ewé kan náà fẹ̀ tàbí kó sún kì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe rí ti wà kí ó tó di ìgbà náà. Ethan Marcotte, ayàwòrán ìkànnì kan, ló fún un lórúkọ ní ọdún 2010. Ẹni tó bá ṣì ń fi kọ̀ǹpútà nìkan yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lóde òní, ẹ má fún un níṣẹ́.

Aláṣọ:
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Irinṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ni mo fi ṣe ìkànnì tèmi, mo yan àpẹẹrẹ tó wù mí, mo kó orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àkókò iṣẹ́ àti àwòrán aṣọ síbẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń rí mi pè. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, irinṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń lò. WordPress, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003 tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ló wà lábẹ́ ohun tó ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìkànnì ayé lọ. Wọn yóò mú àpẹẹrẹ kan níbẹ̀, wọn yóò pa àwọ̀ rẹ̀ dà, wọn yóò sì gba owó gọbọi. Ó yẹ kí ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ayàwòrán Ìkànnì:
Òótọ́ ni ẹ sọ, àbúrò mi, mo sì mọ irú wọn. Fún ẹni tí ohun tó nílò kò ju orúkọ, àwòrán àti nọ́ńbà fóònù lọ, irinṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ti tó, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó jẹ gbèsè nítorí ìkànnì. Ṣùgbọ́n lílo WordPress kì í ṣe ẹ̀sùn. Ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà yóò gbà fún mi pé ayùn kan náà ni ọmọọṣẹ́ tó wọlé lánàá àti ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń lò. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó fi àpẹẹrẹ ọlọ́fẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ ni ohun tó yọ kúrò nínú rẹ̀, ohun tó fi kún un, àti ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ju pé ó lẹ́wà lọ, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sanwó fún.

Oníṣirò Owó:
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá síbi tí owó wà. Iye tó wà lápò lónìí ni àwọn oníṣòwò kékeré sábà máa ń fi wé owó ìkànnì, nígbà tó jẹ́ pé èrè orí iṣẹ́ kan ló yẹ kí wọ́n fi wé e. Ẹ wo ohun tó ń kù sí yín lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó igi, owó òṣìṣẹ́ àti owó ọkọ̀ kúrò. Ẹ wá ro owó tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìkànnì pọ̀ mọ́ owó ìtọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ẹ sì fi èrè orí iṣẹ́ kan yẹn pín in. Ohun tí ẹ bá rí ni iye iṣẹ́ tuntun tí ìkànnì gbọ́dọ̀ mú wá kí owó yín tó padà. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́ta péré ló jẹ́ lọ́dún kan, ẹni tó ń ṣe àga sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àdánù. Bí ó bá jẹ́ igba iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ìdí nìyí tí ìdíyelé kan náà fi lè bá ẹni tí èrè rẹ̀ lórí iṣẹ́ kan pọ̀ mu, tí kò sì ní bá ẹni tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ mu rárá. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín Aláṣọ àti Ayàwòrán wà, kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn.

Ẹ tún ṣírò ọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló jẹ́ pé ìpolówó oníirinṣẹ́ yóò máa hàn lórí ìkànnì yín, orúkọ tirẹ̀ ni yóò sì wà nínú àdírẹ́sì yín. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣooṣù tí kò lópin. Bí ẹ bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ àti àwòrán yín lè ṣeé gbé, ṣùgbọ́n bí a ṣe to ojú ewé náà kì í sábà ṣeé gbé, ẹ ó tún un ṣe látilẹ̀ ni. Wákàtí tí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi jókòó tì í, tí ẹ kò fi ní ṣe iṣẹ́ igi, owó ni òun náà. Àwọn oníṣòwò kì í kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò wọn, ìdí nìyí tí ọ̀fẹ́ fi máa ń jọ ọ̀fẹ́ lójú wọn.

Olùtajà Bàtà:
Ẹ dárí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí a fi nílò ìkànnì rárá? Gbogbo oníbàárà mi ló wà lórí Facebook àti WhatsApp.

Ẹ̀ṣọ́ Kọ̀ǹpútà:
Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri àgbáyé fún bíi wákàtí mẹ́fà, nítorí àtúnṣe kan tí ilé-iṣẹ́ tó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe sí ètò rẹ̀ gbòdì. Wákàtí mẹ́fà kò pa ẹnikẹ́ni, n kò sì ní sọ ọ́ di àrà. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ju ìyẹn lọ ni pé wọ́n lè ti ojú ewé yín pa nítorí ẹnì kan fẹjọ́ yín sùn, tàbí kí wọ́n yí òfin wọn padà kí ohun tí ẹ bá kọ má dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ lé yín mọ́ àfi tí ẹ bá sanwó. Google+ pàápàá, ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ bíi Facebook tí Google fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, wọ́n ti pa á fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹrin ọdún 2019, gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn kó síbẹ̀ sì bá a lọ. Ẹ máa tajà níbi tí ọjà wà, ṣùgbọ́n ẹ ní ibì kan tí ẹlòmíràn kò lè lé yín kúrò.

Agbẹjọ́rò Oníṣòwò:
Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀ṣọ́ sọ gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ dì mú, nítorí ọ̀pọ̀ ìkànnì tí àwọn oníṣòwò rò pé àwọn ni àwọn ni ín, ẹlòmíràn ló ni ín lójú òfin.

Ẹ kọ́kọ́ mú ti dóméènì, ìyẹn orúkọ tí àwọn ènìyàn yóò máa tẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. ICANN, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, ló ń bójú tó ètò àwọn orúkọ yìí ní àgbáyé, kò sì sí ẹni tó ń ra dóméènì títí ayé. Ọdún kan sí mẹ́wàá ni a lè fi gba irú èyí tó parí sí .com, kí a sì máa tún un gbà. Ẹni tí orúkọ àti íméèlì rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Oníṣòwò kan tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ti ń lo orúkọ kan fún ọdún púpọ̀, ó ti kọ ọ́ sára ọkọ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí rìsíìtì, kí ó tó di pé òun àti ẹni tó ṣe ìkànnì náà fún un dìjọ ṣe aáwọ̀ lórí owó. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé orúkọ onítọ̀hún ni wọ́n fi gba dóméènì, íméèlì onítọ̀hún ni ìkìlọ̀ ìsanwó ń lọ, kọ́kọ́rọ́ gbogbo ẹnu ọ̀nà sì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. A rí i gbà padà, ṣùgbọ́n owó tí ó ná lé e lórí ju owó tí ìbá fi ṣe ìkànnì gidi lọ. Bí ẹ kò bá ní mú ohunkóhun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ fi orúkọ ara yín, íméèlì ara yín àti káàdì ara yín gba dóméènì, kí ẹ tó pe ẹni tí yóò kọ́ ohunkóhun sórí rẹ̀.

Èkejì ni àdéhùn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ọpọlọ ló ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ títí di ìgbà tí ó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun gbé e fún ẹlòmíràn, sísan owó nìkan kò sì tó. Kí àdéhùn yín sọ ní kedere pé bí owó bá ti pé, ẹ̀yin ni ẹ ni ojú ewé, ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí wọ́n ṣe fún yín. Kí ó sọ iye ìgbà tí wọn yóò bá yín tún nǹkan ṣe láìgba owó mìíràn, kí ó sì sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Kí ó tún dárúkọ ẹni tó ni àwòrán tí wọ́n bá mú láti ìta, nítorí bí wọ́n bá jí àwòrán olówó sórí ìkànnì yín, ẹ̀yin ni lẹ́tà agbẹjọ́rò yóò wá bá. Bí ẹ bá sì ń tajà fún àwọn tó ń gbé ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ààbò dátà wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018 lè mú yín bí ẹ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ìtanràn rẹ̀ lè ga tó 20 mílíọ̀nù Yúrò tàbí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ lọ́dún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yóò bi yín bóyá èyí kàn yín.

Ẹ̀ṣọ́ Kọ̀ǹpútà:
Mo tún padà wá, nítorí wọn kò tíì mẹ́nu ba ti ààbò. Láti oṣù keje ọdún 2018 ni Chrome, bùràwúsà Google tí a fi ń ṣí ìkànnì, ti ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì gbogbo ìkànnì tí kò lo HTTPS, ìyẹn ọ̀nà tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ka ohun tó ń lọ láàárín àlejò àti ìkànnì, pé kò ní ààbò. Bí àlejò bá rí ìkìlọ̀ yẹn, kò ní dúró gbọ́ àlàyé. Ìwé ẹ̀rí tí a nílò fún un ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọ̀dọ̀ Let's Encrypt láti ọdún 2015, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá bu owó ńlá lé e nínú ìdíyelé rẹ̀, ẹ béèrè ìdí.

Ohun tó yẹ fún owó ni ìtọ́jú. Àwọn plugin, ìyẹn àfikún irinṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ WordPress, ni àwọn olè sábà máa ń gbà wọlé, pàápàá èyí tí ẹnikẹ́ni kò mú bá ìgbà mu mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n lè kọ́ ìkànnì kí ilẹ̀ tó mọ́ lóòótọ́. Ta ni yóò wá máa mú un bá ìgbà mu lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí ó bá ti ríṣẹ́ sí ibòmíràn? Kí ẹni tí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún sọ bí yóò ṣe máa ṣe ẹ̀dà ìkànnì náà sí ibi tó yàtọ̀ sí ibi tí ìkànnì fúnra rẹ̀ wà, kí ó sì fi hàn yín pé òun lè dá a padà láti inú ẹ̀dà náà. Bí ẹ bá fẹ́ máa gba owó níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ìsanwó tó ní àṣẹ gba nọ́ńbà káàdì oníbàárà fún yín, kí ó má wà nípamọ́ lọ́dọ̀ yín rárá.

Ohun kékeré kan wà tó ti ba okòwò púpọ̀ jẹ́: fọ́ọ̀mù tí àlejò fi ń kọ̀wé sí oníṣòwò. Àlejò yóò kọ ìwọ̀n kọ́bọ́ọ̀dù tó fẹ́, yóò tẹ bọ́tìnnì, ìkànnì yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́tà náà yóò sì wọ àpótí ìdọ̀tí íméèlì lọ nítorí wọn kò ṣètò SPF àti DKIM, àwọn àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́rìí pé lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ dóméènì yín lóòótọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti tún le koko sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí. Oníṣòwò yóò ní ìkànnì òun kò mú oníbàárà wá, kò sì mọ̀ pé oníbàárà ti wá, ó ti sọ̀rọ̀, ó ti dúró títí, ó sì ti lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ níbòmíràn.

Ojú Inú:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ojú mi kò ríran, ẹ̀rọ tó ń ka ojú ewé sókè ni mo fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń ra nǹkan níbẹ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Bí mo bá wọ ìkànnì tí wọ́n kàn kó jọ, ohun tí mò ń gbọ́ ni «àwòrán, àwòrán, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì». N kò mọ èwo ni àga, n kò mọ èwo ni tábìlì, n kò sì mọ bọ́tìnnì tí yóò gbé mi dé ibi ìsanwó. Àwọn mìíràn kọ iye owó ọjà sínú àwòrán, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Lórí ìkànnì tí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe, mò ń gbọ́ «tábìlì ìjẹun oníjòkòó mẹ́fà, igi dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́», mo sì lè bi ìyàwó mi bóyá ó wù ú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn bíi 1.3 bílíọ̀nù ló ní àìlera tó lágbára, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́fà. W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà ayélujára, ti ń gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí èyí láti ọdún 1999. Ẹ̀dà rẹ̀ tó jẹ́ 2.2 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Lára rẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín àwọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò tóbi àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 4.5 sí 1. Ọ̀rọ̀ eérú lórí ojú ewé funfun tó ń wu àwọn ayàwòrán yẹn, àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn ṣì ń ríran kò lè kà á nínú oòrùn. Ẹ bi ẹni tó fún yín ní ìdíyelé bóyá ó mọ ìtọ́sọ́nà yìí.

Olùkọ́ Èdè:
Díẹ̀ ni tèmi. Bí ẹ bá fẹ́ kọ Yorùbá sórí ìkànnì yín, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó ní ẹ́, ọ̀ àti ṣ dán fọ́ǹtì náà wò kí ẹ tó gbà á. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì olówó ni kò ní wọn, lẹ́tà náà yóò sì yọ bí ẹni pé a yá a láti inú ìwé mìíràn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Òde-Òní:
Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ṣe ìṣirò tí Oníṣirò sọ, iye iṣẹ́ tó jáde níbẹ̀ kò sì bà mí lẹ́rù. Mo tún padà sórí àwọn ìdíyelé méjèèjì. Ti ẹni àkọ́kọ́, ìlà kan péré ni: ojú ewé márùn-ún àti iye owó. Ẹnì kejì kọ ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àtúnṣe àwòrán, ìdánwò lórí fóònù àti ìtọ́jú ọdún kan, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tí yóò ni dóméènì. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ó mọṣẹ́ lóòótọ́, àti pé kò kàn mọ bí a ṣe ń kọ ìdíyelé?

Ayàwòrán Ìkànnì:
Ẹ ní kó fún yín ní àdírẹ́sì àwọn ìkànnì tó ti ṣe, kí ẹ sì fi fóònù yín ṣí wọn fúnra yín, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti lágbára. Ẹ má gba àwòrán ìkànnì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwòrán kì í falẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Ẹ pe méjì nínú àwọn tó ni ìkànnì náà, kí ẹ sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí owó pé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dáhùn ìpè kí owó tó pé. Bí ó bá ṣèlérí pé òun yóò gbé yín dé ipò kìíní lórí Google, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀; Google fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ pé kò sí ẹni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì wò ó bóyá òun náà ń bi yín ní ìbéèrè. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí àga yín fi yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ẹ jọ sọ̀rọ̀ tán, kò ní mọ̀ ọ́n nígbà tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Nípa owó, kò pọn dandan kí ẹ san gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ bi í bóyá ó lè kọ́kọ́ ṣe ojú ewé mẹ́ta, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, bí ẹ ṣe ń gba iṣẹ́, àti bí a ṣe lè kàn sí yín, kí àwọn yòókù wá tẹ̀ lé e nígbà tí ìkànnì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú iṣẹ́ wá. Mo fẹ́ ojú ewé mẹ́ta tí a ṣe dáadáa ju márùn-ún tí a sáré ṣe lọ.

Aláṣọ:
Níbí yìí, mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n pátápátá.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Òde-Òní:
Mo ti gbọ́. Dóméènì ni n ó kọ́kọ́ fi orúkọ ara mi gbà, lẹ́yìn náà ni n ó kọ̀wé sí ẹnì kejì. Ṣé ohun kan wà tó yẹ kí n ti pèsè sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, àbí òun ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀? Àti ojú ewé Facebook mi, ṣé kí n pa á ni?

Ayàwòrán Ìkànnì:
Ẹ má pa á o. Ẹ kọ àdírẹ́sì ìkànnì náà sórí rẹ̀, sórí WhatsApp àti sórí rìsíìtì yín, kí ẹni tó bá rí àwòrán kan lórí Facebook lè wá ka ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé lọ́dọ̀ yín.

Ní ti ìpèsè, àwòrán ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Ẹ gbé iṣẹ́ tó ti parí síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ wà, kí ẹ gbá èérún igi kúrò nílẹ̀, kí ẹ yà á láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì ya ibi tí igi méjì ti pàdé ní àyàsúnmọ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó mọ iṣẹ́ igi máa ń wò. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀, irú igi rẹ̀ àti iye ọ̀sẹ̀ tó gbà sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ìdáhùn sí àwọn ohun tí àwọn oníbàárà máa ń béèrè lórí fóònù, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́nu gan-an, òun ni yóò tún un tò. Kí ẹ sì yan ẹnì kan nínú ilé-iṣẹ́ yín tí yóò máa ka ìwé tó bá gba fọ́ọ̀mù wọlé lójoojúmọ́, tí yóò sì fèsì kí ọjọ́ náà tó parí.